Símfónì Kẹrin Brahms Kì Í Ṣe Oògùn Oorun

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà òǹkàwé kan tó jáde lójú ewé yín láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé kálàmù. Ẹni náà ní òun ti rí oògùn àìróorunsùn. Ó ní kí ẹni tí oorun bá ń sá fún lóru ti orin símfónì (orin gígùn tí ọ̀kẹ́sírà ń ṣe, tó pín sí ìpín mélòó kan) bọ etí, pé kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi dì. N kò bá a jà o, oorun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí kò rí i sùn. Àmọ́ ó dárúkọ orin tí òun ń lò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí: Símfónì Kẹrin ti Johannes Brahms, ará Jámánì tó ń ṣẹ̀dá orin, èyí tí ẹgbẹ́ olórin Vienna Philharmonic gbà sílẹ̀ lábẹ́ ìdarí Carlos Kleiber. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà.

Ṣé Brahms ò kọ orin oorun ni? Ó kọ ọ́. Lọ́dún 1868 ló kọ orin ìrẹ̀mọ kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin tó bímọ. Orin náà kò gùn, gbogbo ayé ló mọ ohùn rẹ̀, kódà ó wà nínú àwọn ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ tó ń dá kọrin. Kí òǹkàwé yín lọ mú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Símfónì Kẹrin? Ẹni tó bá lè sùn fọnfọn nínú ìpín kẹrin orin náà, bí Kleiber ṣe darí rẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ tètè wá dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀mọ̀wé ńlá kan ló ń pariwo. Olùkọ́ orin ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ṣì ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa. Tonic sol-fa ni wọ́n fi kọ́ mi, òun ni èmi náà fi kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ni n ó fi ṣàlàyé níhìn-ín, torí mo mọ̀ pé akọrin pọ̀ láàárín àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ fi gbọ́ símfónì yìí, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan dà kọ láti ara àwo, tí okùn rẹ̀ ti ń fẹ́ já. Lónìí, orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ọ, pẹ̀lú hẹ́dífóònù tó bo etí mi méjèèjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà. Ọ̀pọ̀ símfónì ló máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Eléyìí kò kan nǹkan kan. Kò sí ìlù, kò sí fèrè tó ń kéde. Àwọn fáyólìnì kàn gbé e: m d, l f, r t, se m. Ìró méjì, wọ́n á mí. Ìró méjì mìíràn, wọ́n á tún mí. Méjì àkọ́kọ́ á sọ̀kalẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e á gòkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é lọ. Àwọn fèrè á sì máa dá wọn lóhùn, kì í ṣe lórí ẹsẹ̀ ìlù gan-an, bí kò ṣe lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ìlù bá ti kọjá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè rò pé ńṣe ni Brahms ń ronú sókè. Ó tì o. Kí akọrin tó bá ń ka lẹ́tà yìí to ìró mẹ́jọ yẹn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: m, d, l, f, r, t, se, m. Ṣé ẹ rí ohun tó ṣe? Ó fo ìró kan, ó mú èyí tó kàn. Ó tún fo kan, ó tún mú kan, títí tó fi padà dé orí m tó ti gbéra. Ibẹ̀ kọ́ ló tán sí. Nígbà tó débẹ̀, ó kọjú sókè: l, d, m, s. Fo-kan-mú-kan náà ni. Orí ìṣirò kékeré yìí ni Brahms kọ́ ohun tó bani nínú jẹ́ jù lọ nínú gbogbo orin tí mo mọ̀ lé.

Kleiber kò kẹ́ m àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn adarí kan wà tí wọ́n máa ń dúró lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wilhelm Furtwängler, nínú èyí tí òun àti Berlin Philharmonic ṣe nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, fa ìró yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹ̀rù sí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo lè máa gbọ́ lójoojúmọ́, ó máa ń rẹni. Ti Kleiber, orin náà ń rìn ni. Kò sáré, kò sì wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé, bó ti ń rìn tó yẹn, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣì ráyè mí. Ẹ wo ìparí ìpín kìíní: ohùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn tún dé, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ariwo, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ gbé e, àwọn tòkè gba ohùn kan náà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń lé ara wọn kiri, títí ìlù timpani á fi dá sí i tí á sì parí ẹjọ́.

N ó sọ díẹ̀ nínú ìtàn orin náà, torí kò ṣe é yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mürzzuschlag, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè ní Austria, ni Brahms ti kọ ọ́, lásìkò ooru ọdún 1884 àti 1885. Ó kọ̀wé sí Hans von Bülow, adarí ọ̀kẹ́sírà ìlú Meiningen, pé èso cherry ìlú náà kì í dùn, ẹ̀rù sì ń ba òun kí símfónì náà má lọ gba adùn ojú ọjọ́ ibẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé iwájú ọ̀kẹ́sírà, Brahms àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ lórí píánò méjì fún àwọn èèyàn díẹ̀ ní Vienna. Nígbà tí ìpín kìíní parí, kò sẹ́ni tó fọhùn. Eduard Hanslick, alámèyítọ́ orin tí gbogbo olórin ìlú ń bẹ̀rù kálàmù rẹ̀, ló wá sọ pé ó dà bí ẹni pé àwọn ọlọ́gbọ́n burúkú méjì ló ń na òun. Max Kalbeck, tó padà kọ ìtàn ìgbésí ayé Brahms, tiẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ju ìpín kẹta nù, kí ó sì gbé ìpín kẹrin jáde lọ́tọ̀. A dúpẹ́ pé Brahms ní etí dídi nígbà tó yẹ. Ó darí rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ní ìlú Meiningen ní Jámánì, lọ́jọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1885, àwọn tó wà níbẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Vienna kò yára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hans Richter àti Vienna Philharmonic kọ́kọ́ ṣe é níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1886, ọ̀pọ̀ ló kàn fi ọ̀wọ̀ pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1897, Richter yìí kan náà, ọ̀kẹ́sírà yìí kan náà, gbọ̀ngàn Musikverein yìí kan náà. Brahms ti rù, ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀ ti mú un. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe ń parí ni àwọn èèyàn ń dìde, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù, òun sì dúró ní ibi ìjókòó rẹ̀ lókè, omi ń jáde lójú rẹ̀. Kò tún jókòó ti ọ̀kẹ́sírà náà mọ́. Ó kú lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé inú gbọ̀ngàn kan náà ni Kleiber kó ọ̀kẹ́sírà kan náà jọ sí ní oṣù kẹta ọdún 1980 láti gba símfónì yìí sílẹ̀ fún Deutsche Grammophon, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin. Àwọn òṣèré ti yí padà, dájúdájú, ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Àwọn ará Vienna ní irú họ́ọ̀nù tiwọn tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín ju ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù lọ. Ó ṣòro ó fọn, ó sì rọrùn láti ṣìnà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ní iyanrìn díẹ̀ nínú, kì í dán borobo. Oboe wọn, ìyẹn fèrè onígi kan tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, náà yàtọ̀. Ohùn tí Brahms mọ̀ nìyẹn.

Ta ni Kleiber gan-an? Berlin ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1930. Bàbá rẹ̀, Erich Kleiber, àgbà adarí orin lòun náà, kẹ̀yìn sí ìjọba Nazi, ó kó ìdílé rẹ̀ kúrò, Argentina sì ni Carlos gbé dàgbà. Ẹni tí iṣẹ́ kì í wù púpọ̀ ni. Ó máa ń fagi lé ètò tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í sì í bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ (ẹ má bínú o, Olóòtú). Símfónì tó gbà sílẹ̀ ní stúdíò kò ju márùn-ún lọ ní gbogbo ayé rẹ̀: Beethoven Karùn-ún àti Keje, Schubert Kẹta àti Kẹjọ, àti Brahms yìí. Ó kú lọ́dún 2004. Àwọn adarí kan gba símfónì Brahms mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ nígbà mẹ́ta, nígbà mẹ́rin. Òun gba ẹyọ kan péré ní stúdíò.

Ohun kan wà nínú àwo yìí tí fóònù tí kò ní hẹ́dífóònù kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́. Kleiber kì í kó gbogbo fáyólìnì jọ sí apá òsì bí ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́sírà ti ń ṣe. Fáyólìnì kìíní ń bẹ ní òsì, fáyólìnì kejì ń bẹ ní ọ̀tún, wọ́n kọjú síra. Bí wọ́n ṣe ń jókòó nígbà ayé Brahms nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kọ orin náà. Nígbà tí gbólóhùn kan bá ń ti ọwọ́ àwọn ti kìíní bọ́ sọ́wọ́ àwọn ti kejì, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń rékọjá láti etí kan sí èkejì. Níbi tí ẹ ti rò pé fáyólìnì kan ló ń kọrin, ẹ máa rí i pé àwọn méjì ni, wọ́n sì ń jiyàn.

Ìpín kejì. Àwọn tẹ dùùrù, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìka lé E, kí ẹ máa rìn yí i ká lórí nóòtì funfun nìkan, ẹ gun òkè dé G, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé C, ẹ padà sí E. Ohun tí àwọn họ́ọ̀nù ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí nóòtì dúdú kan. Ẹ kò ní mọ̀ bóyá méjọ̀ (ohùn tó máa ń dún bí ayọ̀) ni tàbí máínọ̀ (èyí tó máa ń dún bí ìbànújẹ́), ó ń rùn bí ilé àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kílárínẹ́ẹ̀tì wọlé, àwọn olókùn ń fi ìka já okùn lábẹ́ wọn, ìró G sì di G sharp. Nóòtì dúdú kan ṣoṣo! Gbogbo yàrá mọ́lẹ̀. Kleiber kò pariwo lé e lórí, kò fa ojú wa sí i. Ó jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí àwọn sẹ́lò, ìyẹn fáyólìnì ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, wá gbé orin tiwọn dé ni mo máa ń gbé ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀. Orin sẹ́lò yẹn, bí ẹ bá kọ ọ́ fún akọrin tenor, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín títí.

Ìpín kẹta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni, òun nìkan ló ní irin onígun mẹ́ta tí wọ́n ń lù gbinrin-gbinrin, òun nìkan ló ní piccolo, ìyẹn fèrè kékeré tí ohùn rẹ̀ ń gúnni létí. Ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ ẹni tó ń fi gìgísẹ̀ gbálẹ̀. Òun ni àwọn ilé iṣẹ́ rédíò máa ń yọ láàyò fi dí àlàfo kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni inú mi ti ń ru, torí ohun tó tẹ̀ lé e ni ìdí tí ó fi wà.

Nígbà tí ìpín kẹrin dé ni àwọn trombone, ìyẹn fèrè ńlá onídẹ, tó wọlé. Mẹ́ta ni wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ símfónì náà, wọn kò tíì fọn ohun kankan. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi gbé fèrè lé itan, tí wọ́n ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìró mẹ́jọ péré ni àwọn àti àwọn fèrè yòókù wá gbé dé, ìró kan fún bar kan (ìyẹn ìwọ̀n ìlù kan nínú ìwé orin): l, t, d, r, lẹ́yìn náà r tí a gbé sókè díẹ̀, m, m ti ìsàlẹ̀, l. Ọ̀dọ̀ Johann Sebastian Bach ni Brahms ti mú un, láti ìparí Kàntátà 150. Lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn akọrin ni Bach fi í sí. Brahms gbé e wá sókè níbi tí kò sẹ́ni tí kò ní rí i, ó sì fi ìró tí a gbé sókè yẹn bu ata sí i. Bar mẹ́jọ. Ìyẹn náà ló ń sọ, tó ń tún sọ, nígbà ọgbọ̀n (ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ìyípadà), láì dánu dúró, kó tó mú un lọ sí ìparí. Ẹni tó bá ní ìwé orin náà lọ́wọ́ lè kà wọ́n ní ení, èjì. Ẹni tó kàn ń gbọ́ Kleiber kò ní rí ojú ìránpọ̀, àfi tó bá wá a kiri.

Láìpẹ́, ohùn ìpìlẹ̀ yẹn sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn sẹ́lò àti bass ńlá, àwọn fáyólìnì sì bẹ̀rẹ̀ ohùn tuntun lórí rẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin èèyàn pé kí ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ orin yìí. Ẹnu fóònù kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi gbọ́ ìpín kẹrin, ẹ máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ sórí ìpìlẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ ìpìlẹ̀.

Ìyípadà kejìlá nìyí, kí ẹ pa fáànù. Bar kọ̀ọ̀kan gùn sí ìlọ́po méjì báyìí, gbogbo ìjà tán, ó ku fèrè flute kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí ohùn fèrè ti nípọn, ó ń gòkè, ṣùgbọ́n ó ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀, torí Brahms kò jẹ́ kó bọ́ sórí ẹsẹ̀ ìlù gan-an, ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ó débi tó ga jù, kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí èémí olùfọn náà láàárín àwọn gbólóhùn rẹ̀. Àwọn adarí tí mo gbọ́ pọ̀ tí wọ́n máa ń dá orin náà dúró pátápátá níhìn-ín kí fèrè lè ráyè sunkún. Brahms kò ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ìlù kan náà ló kọ síbẹ̀, bar ló fà gùn, kì í ṣe ìlù. Kleiber ka ohun tí wọ́n kọ, ó sì gbà á gbọ́. Nítorí pé ìlù ṣì ń lọ lábẹ́ rẹ̀ ni ẹkún fèrè yẹn fi wọ̀ mí lára. Akọ́rin tí gbogbo ayé dúró dè kò ṣe mí láàánú tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kílárínẹ́ẹ̀tì àti oboe gba ọ̀rọ̀, máínọ̀ sì yí sí méjọ̀. Ta ló tún wọlé? Àwọn trombone. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, orin ìjọ gan-an ni wọ́n ń kọ, mo lè fi ẹsẹ̀ hímù sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ó ti ṣòro tó láti fọn fèrè ńlá yẹn jẹ́jẹ́, tí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí wọn. Orin ìjọ náà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó parí. Kàkà kó parí, ìró mẹ́jọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn já lulẹ̀ padà bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e dé, kí wọ́n sì tó sọ ọ́ tán ni gbogbo olókùn ya lù ú láti òkè. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ṣì máa ń ta gìrì. Láti ibẹ̀ lọ, Kleiber kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Símfónì Kìíní Brahms àti Ìkejì parí sínú méjọ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́gun. Ìkẹta rọra sùn lọ. Ìkẹrin yìí parí sínú máínọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Brahms kò túni nínú, kò sì tọrọ àforíjì.

Ẹ wá wo ohun tí fóònù ń fi orin yìí ṣe. Lójú àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ orin kan, nítorí náà ó lè da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí àyò. Ọmọ ọmọ mi ló tan símfónì náà fún mi nígbà kan, tìfẹ́tìfẹ́, ló bá jẹ́ ìpín kẹrin ló kọ́kọ́ dún. Àwọn trombone wọlé, ta ni wọ́n pẹ́ dé fún? Ìgbà tí ẹ kò bá tíì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìgbọ́ wọn, fèrè lásán ni wọ́n. Ọjọ́ mìíràn, ìpolówó kan já wọ àárín ìpín kẹta àti ìkẹrin, ohùn ọkùnrin kan tó ń yọ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Mo bọ́ hẹ́dífóònù, mo gbé e sílẹ̀, mo jáde lọ síta. Ẹ pa ohun tí ń da orin pọ̀ yẹn lórí fóònù yín. Bí ìpolówó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ra àwo. Bí ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, àwa tí à ń jókòó ti ìpàdé ìjọ wákàtí mẹ́ta, kí ló dé?

N kò sọ pé àwo náà kò lábùkù. Ìgbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀, ìlànà dígítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, bí gbogbo fáyólìnì bá sì pariwo lókè pátápátá, ohùn wọn máa ń gbẹ díẹ̀, ó ń fẹ́ epo. Èmi máa ń dín ohùn òkè kù díẹ̀ lórí ẹ̀rọ mi. Ẹ má sì gbé ohùn sókè nítorí pé fèrè ìyípadà kejìlá kò dún tó. Ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí i, fídíò wà: Kleiber darí símfónì yìí kan náà pẹ̀lú ọ̀kẹ́sírà Bavarian State ní Munich lọ́dún 1996, nígbà tó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń ka ìlù, nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ kà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló ń sọ bí ohùn ṣe máa rí kí ohùn tó jáde. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwọn olórin rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣe ohun tó wù ú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti Vienna ni n ó mú, nítorí àwọn họ́ọ̀nù wọ̀nyẹn.

Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ràn ti Furtwängler ju èyí lọ, àwọn mìíràn sì ní Bruno Walter ni ọ̀gá gbogbo wọn. Kí irú wọn kọ̀wé sí yín, Olóòtú, kí ẹ sì bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí wọ́n sọ ìpín tí wọ́n ń tọ́ka sí, kí wọ́n sọ ibi tó wà nínú rẹ̀. Mo ti wà ní ìmúrasílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ orin tó ti fẹ̀yìn tì